Odò Ló Ni Bèbè Rẹ̀
Odò kì í ṣàn lásán. Ó ń tún ilẹ̀ ṣe ni. Níbi tó bá ti yà kọ́nà, omi a máa sáré ní ẹ̀gbẹ́ ìta, a sì máa jẹ bèbè ibẹ̀; ní ẹ̀gbẹ́ inú tí agbára rẹ̀ ti dínkù, a máa da yanrìn sílẹ̀. Bí òjò bá pọ̀, odò a kún bo ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ẹrẹ̀ rẹ̀ ti tẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ara odò ni ilẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí odò Ògùnpa ya wọlé àwọn èèyàn n'Ìbàdàn ní 1980, ilẹ̀ rẹ̀ ló gbà padà. Àwọn kan á ní pàǹtí tó dí ojú omi ló fà á. Òótọ́ ni pé pàǹtí ń dá kún un, ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, òjò ńlá ṣì máa wá àyè. Àwọn mìíràn á ní ká fi kọnkéré mọ odò. Ìyẹn lè gba àdúgbò kan là, àmọ́ omi á túbọ̀ sáré lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi bèbè odò sílẹ̀ fún igi àti oko ẹ̀fọ́, ká yéé kọ́lé síbẹ̀.