Ewúro Nínú Ìgò Àyẹ̀wò: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Wádìí Agbára Ewé

Bí ènìyàn bá wo àkọlé àwọn ìwádìí tí ó ń jáde lórí ewé àti egbò láti àwọn yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, gbólóhùn méjì ni yóò máa bá pàdé lemọ́lemọ́: pé ewé kan jẹ́ antioxidant, àti pé ewé náà ń dènà ìwúlé. Gbólóhùn méjèèjì ti kúrò ní yunifásítì, wọ́n ti dé ara ìgò àgbo, wọ́n ti dé orí rédíò àti ẹnu àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tí ń gbọ́ wọn ni ó mọ ohun tí àwọn onímọ̀ fi ojú ewé náà rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan tí a ń ṣe fún ewé ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá sì mọ ìbéèrè tí wọ́n bi ewé ni ó lè mọ bí ìdáhùn rẹ̀ ti wúlò tó fún ara ènìyàn. Ewúro, tí ó wọ́pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ni a óò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Iṣu tí a bó tí a kò tètè fi sínú omi a máa dúdú, irin tí òjò ń pa a máa dógùn-ún, òróró tí ó pẹ́ nílẹ̀ a sì máa rùn. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Ọ́síjìn kan náà ni sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn fi ń sọ oúnjẹ di agbára, níbi iṣẹ́ yìí sì ni àwọn mólékù kan ti ń jáde tí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù wọn kò pé, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní free radical, tí a lè pè ní mólékù aláìnísinmi. Nítorí pé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù wọn kò pé, ńṣe ni wọ́n máa ń já ti ẹlòmíràn gbà, yálà lára ọ̀rá tí ó bo sẹ́ẹ̀lì, lára purotéènì, tàbí lára DNA tí ó gbé àbùdá ìran dání, èyí tí wọ́n bá sì já tirẹ̀ gbà náà a di aláìnísinmi. Antioxidant ni ohunkóhun tí ó lè yọ̀ǹda ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù fún mólékù bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ di oníjàgídíjàgan. Ara ní tirẹ̀ tí ó ń pèsè, ó sì ń rí òmíràn gbà nínú oúnjẹ. Kò yẹ kí a rò pé ọ̀tá pátápátá ni àwọn mólékù aláìnísinmi, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń lò wọ́n láti pa kòkòrò àrùn.

Ìwúlé ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gún bá gún ènìyàn ní ẹsẹ̀, tí ojú ibẹ̀ pọ́n, tí ó gbóná, tí ó wú, tí ó sì ń dunni. Àmì mẹ́rin yìí ni Celsus ará Róòmù ti kọ sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn. Ààbò ni ìwúlé jẹ́, nítorí pé nípasẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti sẹ́ẹ̀lì funfun fi ń rọ́ lọ síbi tí ewu wà, ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ tí kò lọ, bí ó ti rí nínú oríṣi làkúrègbé kan, ara tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ni yóò máa bà jẹ́. Lára àwọn èròjà tí ń ru ìwúlé sókè ni prostaglandin, tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1971 ni John Vane, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé dídá iṣẹ́ prostaglandin dúró ni aspirin fi ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yìí sì wà lára ohun tí ó mú kí ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1982. Ìwúlé àti mólékù aláìnísinmi jọ ń rìn ni, nítorí pé ibi tí sẹ́ẹ̀lì funfun bá ti ń jà ni àwọn mólékù náà ti ń pọ̀ sí i, bí wọ́n bá sì ti pọ̀ jù, wọ́n a tún máa dá kún ìwúlé. Ìdí nìyí tí a fi sábà máa ń wádìí agbára méjèèjì pọ̀ lára ewé kan náà.

Ewúro, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Vernonia amygdalina, jẹ́ ẹ̀fọ́ nínú ìṣasùn, ó sì tún jẹ́ egbòogi nínú agbada. Ní ọdún 1994, àwọn olùwádìí tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti yọ luteolin àti ìbátan rẹ̀ méjì láti ara ewé ewúro, wọ́n sì fi hàn pé àwọn èròjà náà jẹ́ antioxidant. Ọ̀wọ́ èròjà tí luteolin wà nínú rẹ̀, tí à ń pè ní flavonoid, wà nínú ewé àti èso púpọ̀ tí à ń jẹ.

Kí ewé tó dé inú ìgò àyẹ̀wò, ó ní láti kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí orúkọ. Ẹ̀ka rẹ̀ kan tí ó ní ewé àti òdòdó ni a ó gbé lọ sí ilé ìkó-ewé-pamọ́, irú èyí tí ó wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn amọ̀wé-mọgi yóò ti sọ irú ewé tí ó jẹ́, tí wọn yóò fún un ní nọ́ńbà, tí wọn yóò sì pa á mọ́ kí ẹlòmíràn lè padà wá wò ó. Ó pọn dandan bẹ́ẹ̀, nítorí pé orúkọ kan ní ìlú kan lè jẹ́ ti ewé mìíràn ní ìlú kejì. Lẹ́yìn èyí ni a ó sá ewé sí ibòji, tí a ó lọ̀ ọ́ kúnná, tí a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sínú ọtí líle bíi ethanol tàbí methanol fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. A ó wá sẹ́ ẹ, a ó sì fi ẹ̀rọ fa ọtí náà kúrò pẹ̀lú ooru tí kò sábà ju ìwọ̀n 40 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, títí tí yóò fi ku oje tí ó ki pọ́pọ́.

Ohun tí a fi rẹ ewé ló ń pinnu ohun tí yóò jáde lára rẹ̀. Àwọn àgbà oníṣègùn mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ àgbo kan sínú omi lásán, òmíràn sínú omi ògì, òmíràn sínú ògógóró. Ọtí a máa fa ọ̀pọ̀ flavonoid jáde ju omi lọ, omi tí ó kan a sì máa fa àwọn èròjà mìíràn tí à ń pè ní alkaloid. Ooru pẹ̀lú lè ba èròjà jẹ́: nígbà tí Tu Youyou ń wá oògùn ibà láti ara ewéko kan ní ilẹ̀ Ṣáínà ní ọdún 1971, oje tí ó fi ooru gíga yọ kò jẹ́ bí ó ti yẹ, àfìgbà tí ó lo ether, tí kì í nílò ju nǹkan bí ìwọ̀n 35 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ kí ó tó hó, ni artemisinin, oògùn ibà náà, tó jáde láìbàjẹ́. Nítorí náà, ìwádìí tí wọ́n fi methanol ṣe kò lè jẹ́rìí fún àgbo tí a fi omi sè.

Àyẹ̀wò antioxidant tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni ti DPPH. DPPH jẹ́ ìyẹ̀fun tí mólékù rẹ̀ jẹ́ aláìnísinmi, ṣùgbọ́n tí ó lè dúró nínú ìgò láìbàjẹ́. Bí a bá pò ó mọ́ methanol, àwọ̀ rẹ̀ a dà bí àlùkò, bí ó bá sì ti rí ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù gbà, àwọ̀ àlùkò náà a máa ṣá títí yóò fi di ìyeyè. Ẹni tí ń ṣe àyẹ̀wò yóò to ìgò kéékèèké sílẹ̀, yóò fi oje ewúro sí wọn ní ìwọ̀n tí ń pọ̀ sí i láti orí ìgò kan dé èkejì, yóò fi DPPH sí gbogbo wọn, yóò sì kó wọn sínú òkùnkùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó bá kó wọn jáde, ìgò tí kò ní oje kankan yóò ṣì jẹ́ àlùkò kíkún, àwọn tí ó tẹ̀ lé e yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀, èyí tí oje inú rẹ̀ pọ̀ jù lè ti di ìyeyè pátápátá. Ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ ní 517 nánómítà yóò wá sọ iye àwọ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú ìgò kọ̀ọ̀kan.

Láti inú iye wọ̀nyí ni a ti ń ṣírò ìwọ̀n oje tí ó lè pa ìdajì DPPH náà lẹ́nu mọ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IC50. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni agbára oje náà ṣe pọ̀ tó, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. A kò gbọdọ̀ ka nọ́ńbà náà láìfi fítámínì C tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ kan náà ṣe òṣùwọ̀n. Àyẹ̀wò mìíràn tún wà, bíi FRAP, tí ń wò ó bóyá oje lè fún irin inú omi ní ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù kí ó sì sọ ọ́ di àwọ̀ búlúù. Onímọ̀ tí ó mọṣẹ́ kì í gbára lé ẹyọ kan, nítorí pé oje tí ó tayọ nínú ọ̀kan lè má tayọ nínú èkejì.

Àyẹ̀wò ti ìwúlé sábà máa ń nílò ohun tí ó ní ẹ̀mí. Àwọn kan ń lo sẹ́ẹ̀lì eku tí a ń tọ́ nínú àwo, tí wọ́n á fi èròjà láti ara kòkòrò àrùn bí nínú, wọ́n á sì wò ó bóyá oje yóò dín èròjà ìwúlé tí ó ń tú jáde kù. Àwọn mìíràn ń lo eku láàyè. Wọ́n a fún eku ní oje mu, lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan wọ́n a fi abẹ́rẹ́ gún carrageenan, tí a ń yọ lára ewéko òkun, tàbí funfun ẹyin adìyẹ tútù, sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì sábà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílílítà lọ. Ẹsẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú, a ó sì máa wọn bí ó ti wú tó láti wákàtí dé wákàtí. Ìgbà tí oje ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ní ìtumọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀, histamine ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí carrageenan ń ru sókè, nígbà tí yóò bá sì fi di nǹkan bíi wákàtí kẹta, prostaglandin ló kù tí ń jọba. Oje tí ó dín ìwúlé kù ní wákàtí kẹta ni ó ṣeé ṣe kí ó máa ṣiṣẹ́ bí aspirin, a sì gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ eku tí kò mu nǹkan kan àti ẹgbẹ́ tí ó mu oògùn òyìnbó, kí a lè fi wọ́n wé ara wọn.

Iye tí a fún eku máa ń ṣi àwọn òǹkàwé lọ́nà. Bí ìwádìí bá sọ pé 200 mílígíráàmù oje fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ara eku ló ṣiṣẹ́, ìlànà tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2005 ní kí a fi 6.2 pín in bí a bá fẹ́ mọ ìwọ̀n tí ó bá a mu fún ènìyàn, èyí tí yóò jẹ́ nǹkan bíi 32 mílígíráàmù fún kílógíráàmù kan. Fún ẹni tí ó wọn 60 kílógíráàmù, ó di nǹkan bíi gíráàmù méjì oje gbígbẹ, bí ó bá sì jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ewé gbígbẹ ni ó ń di oje, ogún gíráàmù ewé gbígbẹ ni onítọ̀hún nílò. Ife ewúro kan tí a fún sínú omi lè má sún mọ́ ọn, àgbo tí a sè fún ọjọ́ mẹ́ta sì lè kọjá rẹ̀.

Ìṣòro mìíràn ni pé àgbo kì í sábà jẹ́ ewé kan. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Láábù pẹ̀lú ti rí i pé nígbà mìíràn, oje odindi a máa ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá ti pín in sí èròjà kọ̀ọ̀kan, agbára náà a lọ sílẹ̀, nítorí pé àwọn èròjà náà ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àpapọ̀ ewé púpọ̀ lè mú kí ewu pọ̀ sí i, pàápàá fún ẹni tí ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, nítorí náà ni a ṣe ń yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín eku wò pẹ̀lú.

Láti inú ìgò dé inú ara ènìyàn, ọ̀nà jìn. Ìfun àti ẹ̀dọ̀ a máa yí púpọ̀ nínú flavonoid padà kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó sì dé ibẹ̀ kéré gan-an sí ìwọ̀n tí a lò nínú ìgò. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ètò ọ̀gbìn fi yọ àkójọ nọ́ńbà antioxidant oúnjẹ tí ó ti gbé jáde kúrò ní ọdún 2012, àti nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ ń fi í polówó ọjà bí ẹni pé ó jẹ́ ẹ̀rí ìlera. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni ìwádìí ilẹ̀ Finland tí ó jáde ní ọdún 1994, níbi tí a ti ṣèwádìí láàárín 29,133 ọkùnrin tí ń mu sìgá. Ìrètí ni pé beta-carotene, tí ó jẹ́ antioxidant, yóò dín jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà fi pọ̀ sí i láàárín àwọn tí ó lò ó.

Kì í ṣe pé ewé ilẹ̀ Yorùbá kò lè gun àkàsọ̀ ẹ̀rí dókè. Lára ìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Niprisan ti jáde, oògùn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tí ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá ṣe láti ara ìyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Wọ́n yẹ ẹ́ wò nínú ìgò, wọ́n yẹ ẹ́ wò lára ẹranko, wọ́n sì tẹ àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lára àwọn aláìsàn jáde ní ọdún 2001, àyẹ̀wò tí aláìsàn àti dókítà kò ti mọ ẹni tí ń lo oògùn gan-an àti ẹni tí ń lo èyí tí kò ní nǹkan nínú. Ìrora àwọn tí ó lò ó dín kù, èyí sì ni ẹ̀rí tí àwọ̀ inú ìgò kò lè fúnni láéláé.

Lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC ni a ti ń rí gbólóhùn kékeré pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé oògùn náà ń ṣe wò. Ẹni tí ó bá kà á, tí ó sì tún rí i pé wọ́n kọ antioxidant tàbí ìdènà ìwúlé sí ara páálí kan náà, lè béèrè bóyá inú ìgò, ara eku tàbí ara ènìyàn ni wọ́n ti rí i, ohun tí wọ́n fi rẹ ewé náà, ìwọ̀n tí wọ́n lò, àti ohun tí wọ́n fi wé. Bí ìdáhùn bá dúró sórí DPPH, ohun tí a mọ̀ kò ju pé èròjà inú ewé náà lè yọ̀ǹda ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù lọ. Ìmọ̀ gidi ni, òun sì ni ó ń sọ fún àwọn olùwádìí ewé tí ó yẹ kí wọ́n ná owó àyẹ̀wò tí ó tẹ̀ lé e lé lórí, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí aláìsàn lè torí rẹ̀ fi oògùn dókítà sílẹ̀.