Ìjákulẹ̀ Ọdún 1977

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní Enugu níbí, ọ̀rọ̀ ọdún 1977 kì í pẹ́ jáde. Lọ́dún 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn. Lọ́dún kejì, wọ́n pàdé Rangers ti Enugu nígbà tó ku ìpele kan sí àṣekágbá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kìn-ín-ní, ọ̀mì, 0–0. Èkejì ní Kaduna, ọ̀mì, 0–0. Pẹnáritì ló parí ìjà. Rangers, tí Emmanuel Okala ń ṣọ́lé fún, ló borí, àwọn náà ló sì gba ife.

Kí ló dé tí ó ṣì ń dun àwa tí a kò tíì bí nígbà náà? Ẹni tí wọ́n gbá góòlù wọlé rẹ̀ mọ ibi tó ti ṣubú. Ẹni tí wọn kò gbá góòlù sí lẹ́ẹ̀mejèèjì, tó sì tún pàdánù, kò rí ẹni bá wí. Ìbínú tí kò rí ẹni bá wí ni àwọn bàbá wa fi jogún fún wa.

Ṣùgbọ́n ìlú tó tọ́ wa ló borí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí aládùúgbò wa kú oríire, ká tó ráhùn.