Ẹ Tì Í Kí Ẹ Tó Dìde

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Láti kékeré ni mo ti mọ òwe yìí, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́ mi ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ wa. Orúkọ àwọn tó yáwó, iye tí oníkálùkù yá àti ohun tó fẹ́ fi ṣe, inú kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Mo ti ṣètò rẹ̀ pé bí n kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 5, kí ó ti ara rẹ̀ pa, kí ó sì máa béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ọkàn mi balẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, mo dìde lọ ra ìrẹsì ọ̀fadà. Fídíò orin kan ń lọ ní igun kan ojú kọ̀ǹpútà, ìwé ẹ̀yáwó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí n tó padà. Nígbà tí mo dé, ojú kọ̀ǹpútà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ́fíìsì ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa yáwó láti fi tọ́jú ìyàwó wọn tó ń ṣàìsàn. Wọ́n ti bẹ̀ mí tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Àbúrò, ṣebí ìwọ nìkan ni mo sọ fún.” Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, àmọ́ láti ìgbà náà, wọn kò yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa mọ́.

Mo wádìí ohun tó fà á. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ènìyàn wà níwájú òun. Iye ìṣẹ́jú tí a ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ló ń kà. Bí fídíò bá sì ń lọ, ètò tó ń gbé e jáde a máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó má ṣe pa ojú dé, nítorí ẹni tó ń wo fíìmù kì í tẹ bọ́tìnnì. Bákan náà ni ìpàdé orí Zoom. Ẹ sì má ṣe gbàgbé pé kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn yàtọ̀ sí kí ó wà ní títì.

Àgádágodo náà lè já. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọdé méjì ń fi kọ̀ǹpútà bàbá wọn, tó ń lo Linux Mint, ṣeré. Wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì gidi àti èyí tó wà lójú kọ̀ǹpútà pa pọ̀, títí ètò tó tì í fi dákú, tí gbogbo rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Àwọn tó ṣe Linux Mint tètè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró de ìṣẹ́jú 5. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti L pọ̀. Lórí Mac, Control, Command àti Q. Lẹ́yìn náà, ẹ dán ètò títì yín wò: ẹ ṣí fídíò sílẹ̀, kí ẹ sì wo aago.

Kọ̀ǹpútà mi ṣì ń ti ara rẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi ló ń ṣíwájú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n yẹn ń kọjá lọ nígbà tí mo tì í kí n tó dìde. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn mi orí.