Èèpo Ẹkùrọ́ àti Omi Mímu

Nígbà tí a bá pa ẹkùrọ́ tán, ààtàn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń da èèpo rẹ̀ sí. Alágbẹ̀dẹ ni ó mọ iyì rẹ̀ fún iná. Ṣùgbọ́n èèpo yìí, àti èèpo líle àgbọn, ní iṣẹ́ mìíràn: a ń fi èédú wọn wẹ omi mọ́.

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilé iṣẹ́. Wọn a sá èèpo náà gbẹ, wọn a sì sun ún nínú ààrò irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ó lè di èédú, kí ó má di eérú. Lẹ́yìn náà, wọn a fi oru omi híhó fẹ́ ẹ nínú ooru tí ó tó 800 sí 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí ni ó ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí i nínú. Bí a bá lè tẹ́ ògiri àwọn ihò inú gíráàmù 1 sílẹ̀, yóò ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ. Ara ògiri wọ̀nyí ni òórùn, àwọ̀ àti oògùn kòkòrò oko ń lẹ̀ mọ́. Nínú ogun 1914 sí 1918, irú èédú àgbọn bẹ́ẹ̀ wà nínú ìbòjú àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà, kí èéfín olóró má baà pa wọ́n.

Èédú ilé ìdáná kò ní agbára tó èyí. Bí ihò rẹ̀ bá sì kún, agbára rẹ̀ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gbàgbé pé èédú kì í pa kòkòrò àrùn. Omi tí kò rùn lè gbé àrùn onígbáméjì wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá sẹ́ omi tán, ẹ sè é kí ó hó dáadáa kí ẹ tó fún ọmọ mu. Omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.