Akoto tó ń gbé orí táǹkì

Lánàá, mo gun ọ̀kadà láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun lọ sí Òkè-Fìà. Akoto ń bẹ lórí táǹkì, mo wá bi bàbá tó gbé mi pé kí ló dé tí wọn ò dé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nìyẹn." Mo dákẹ́. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lé mi lórí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan mú ọlọ́kadà àti èrò láti dé akoto káàkiri Nàìjíríà. Ní Kano, àwọn kan dé igbá àti ike ọ̀dà. Àwọn èrò ní tiwọn ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá dé akoto olóògùn lè pòórá. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Fìlà ẹlòmíì gan-an, kì í ṣe gbogbo wa ló ń dé e, ká má tíì sọ ti òógùn àti làpálàpá.

Àmọ́ kí ni igbá ò lè ṣe? Iṣẹ́ akoto ò sí lára ike òde nìkan. Fóòmù funfun ń bẹ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí. Bí orí bá gbá títì, fóòmù yẹn á fọ́ mọ́ra, orí á rọra dúró díẹ̀, ọpọlọ ò ní fi agbára gbá egungun. Fóòmù tó ti fọ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí akoto tó bá ti gbá títì pẹ̀lú orí nínú rẹ̀ fi parí iṣẹ́, bí òde rẹ̀ tilẹ̀ ń dán. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní akoto tí a dé dáadáa ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100.

Nígbà tí SafeBoda dé Ìbàdàn láti Kampala, ọlọ́kadà wọn ń gbé akoto méjì, ọ̀kan jẹ́ ti èrò. Orúkọ ẹni tó ń gbé ọ lọ sì wà lórí fóònù. Lójú tèmi, orúkọ yẹn lé ẹ̀rù lọ ju ìwàásù lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jábọ́ lórí ọ̀kadà lọ́dún 2021, láìdé nǹkan kan. Títí dòní, ó máa ń gbàgbé orúkọ mi.

Bàbá yẹn dúró dè mí ní Òkè-Fìà. Nígbà tí a ń padà, mo so síkáàfù mọ́ irun, mo ní kí wọ́n fún mi ní akoto náà. Okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti já.