Ẹja, Ẹyin àti Ẹ̀pà: Bí A Ṣe Ń Fi Wọ́n Kún Oúnjẹ Ọmọ Ọwọ́



Ẹja àti edé kò ṣọ̀wọ́n ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́. Adìyẹ ń yé lẹ́yìnkùlé, ẹ̀pà ò sì ṣòro rà. Síbẹ̀, ẹ̀kọ lásán ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ ń mu. Àwọn kan ní ẹyin á sọ ọmọ di olè. Irọ́ ni. Àwọn míì ń bẹ̀rù pé oúnjẹ wọ̀nyí lè má bá ara ọmọ mu. Òótọ́ wà nínú ìyẹn: ẹyin, ẹ̀pà, ẹja, edé, wàrà màálù, sóyà àti àlìkámà wà lára àwọn tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ká fi wọ́n du ọmọ kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ.

Lọ́dún 2015, àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ ọwọ́ tó lé ní 600, tí wọ́n ní àléfọ́ líle tàbí tí ẹyin ò bá lára mu. Àwọn kan ń jẹ ẹ̀pà láti kékeré, àwọn yòókù ò jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún 5, nínú 100 tí kò jẹ ẹ́, bíi 17 ni ẹ̀pà ò bá lára mu. Nínú 100 tó jẹ ẹ́, bíi 3 péré ni.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí:

1. Ọmú nìkan títí di oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ṣùgbọ́n ẹ má já ọmú lẹ́nu ọmọ.

2. Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ìdajì ṣíbí kékeré, láàárọ̀, kí ẹ lè máa wo ọmọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ dúró fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó fún un ní òmíràn.

3. Ẹ se ẹyin jinná dáadáa. Ẹ yọ egungun ẹja, kí ẹ rún un. Ẹ yan ẹ̀pà, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná sínú ẹ̀kọ. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní odidi ẹ̀pà, ó lè há a lọ́fun. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó ti bu dànù, májèlé tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lè wà nínú rẹ̀.

4. Tí oúnjẹ náà bá bá a lára mu, ẹ máa fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àmì ewu: láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2, ara lè sú, ètè tàbí ojú lè wú, ọmọ lè máa bì. Ẹ dá oúnjẹ náà dúró, kí ẹ lọ sí ibùdó ìlera. Bí ọmọ ò bá lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀! Ẹ má dúró se àgbo, ẹ má sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu.

Ọmọ tó ní àléfọ́ líle, tàbí tí ẹyin ò bá lára mu, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kí ẹ tó fún un ní ẹ̀pà.

Ẹ má kó gbogbo ẹja lọ sọ́jà o. Ẹ yọ ti ọmọ sílẹ̀.