Ìkìlọ̀ Mákírò nínú Excel àti Ààbò Àkójọ Ọ̀rọ̀ Wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ sínú Excel. Àwọn kan ń lo ẹ àti ọ bí wọ́n ti ń ṣe ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn ń lo ɛ àti ɔ, bí álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè Benin ti là á sílẹ̀. Kí a tó lè da àkójọ méjèèjì pọ̀, a ní láti yí lẹ́tà ọ̀kan padà sí ti èkejì. Mákírò, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ kí Excel máa tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀, lè ṣe é ní kíákíá. Ìgbà náà ni ìkìlọ̀ máa ń yọ, tí púpọ̀ nínú wa sì ń tẹ bọ́tìnì èyíkéyìí tí yóò mú un kúrò lójú wa. Ṣùgbọ́n oríṣi ìkìlọ̀ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀.

Èkíní ni ọ̀já aláwọ̀ ìyeyè tí bọ́tìnì “Activer le contenu” wà lára rẹ̀. Ó ń sọ pé mákírò wà nínú fáìlì, pé Excel ti dá a dúró. Kò sọ pé ó burú, kò sì sọ pé ó dára. Ní 1999, kòkòrò Melissa tàn káàkiri ayé nínú mákírò fáìlì Word, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbà á. Nítorí náà, mímọ ẹni tí ó fi fáìlì ránṣẹ́ kò tó. Ẹ tẹ Alt àti F11 papọ̀, kí ẹ ka àṣẹ inú rẹ̀ ná. Àwọn tí ń lọ sínú ààtò Excel láti gba gbogbo mákírò láyè títí láé ń yọ ilẹ̀kùn ilé nítorí àlejò kan ṣoṣo.

Ọ̀já kejì pupa ni, kò sì ní bọ́tìnì ìgbàláàyè. Láti 2022 ni Microsoft ti ń dí mákírò inú fáìlì tí ó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Bí ẹ bá ti dá fáìlì náà mọ̀ dájú, ẹ pa á dé, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí “Propriétés”, kí ẹ sì mú “Débloquer”.

Ẹ̀kẹta ni ó pa mí lára. Ìbéèrè tí Excel ń béèrè nígbà tí mákírò ń ṣiṣẹ́ ni: ṣé kí n fi fáìlì yìí rọ́pò ti àtijọ́? Ó máa ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí náà ni a ṣe ń kọ Application.DisplayAlerts = False láti pa á lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n Excel kì í dákẹ́ lásán, ó ń dáhùn fún wa. Bí ìbéèrè bá hàn, “Rárá” ni a ti yàn sílẹ̀. Bí a bá pa á lẹ́nu mọ́, “Bẹ́ẹ̀ ni” ni Excel ń mú.

Mo tẹ ẹ àti ɛ tààrà sínú ojú-ìwé tí a ti ń kọ mákírò. Ojú-ìwé yẹn kì í gba gbogbo lẹ́tà Unicode, lórí Windows tí a ṣètò ní èdè Faransé, méjèèjì di “?”. Nínú Replace ti Excel, “?” tí a ń wá dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. Àṣẹ mi wá di pé kí “?” rọ́pò gbogbo lẹ́tà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, gbogbo wọn di àmì ìbéèrè, mákírò sì tọ́jú wọn lé fáìlì àtijọ́ lórí láì bi mí. Kò sí ìdápadà, nítorí pé mákírò tí ó bá yí àpótí padà máa ń nu àkọsílẹ̀ ìdápadà nù. Mo tún tẹ́tí sí ohùn tí a gbà sílẹ̀, mo tún un tẹ̀. Bàbá àgbà kan wà tí a kò gba ohùn rẹ̀, ìwé nìkan ni a fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìwé náà ti sọnù, bàbá sì ti di olóògbé.

Nọ́ńbà ni mo ń lò báyìí: ChrW(7865) fún ẹ, ChrW(603) fún ɛ, ChrW(7885) fún ọ, ChrW(596) fún ɔ. Mákírò mi ń kọ́kọ́ fi SaveCopyAs ṣe ẹ̀dà tí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú orúkọ rẹ̀. Bí DisplayAlerts = False bá di dandan, ìlà kan ṣoṣo ni mo ń jẹ́ kí ó bò, kí n tó dá a padà sí True. Àkójọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ wà ní fáìlì .xlsx, irú èyí tí kì í gba mákírò sínú, nínú àpò tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú mákírò mi kankan.